Àlàfo Tó Wà Láàrin Ẹ̀kẹfà àti Ẹ̀kẹjọ

"Kí ni òfin keje sọ gan-an?"

Ìyá Abẹ́-Àtẹ̀gùn ló béèrè, kò sì pariwo. Bó ṣe máa ń bi oníbàárà pé ṣé kí apá ẹ̀wù dé ọrùn ọwọ́ ni àbí kó má dé e, bẹ́ẹ̀ náà ló ṣe béèrè. Téèpù ìwọnṣọ wà lọ́rùn rẹ̀, abẹ́rẹ́ méjì wà ní àyà ẹ̀wù rẹ̀. Èèyàn mẹ́rin tó jẹ́ ìgbìmọ̀ ló jókòó síwájú rẹ̀ ní ọ̀ọ̀dẹ̀ ilé náà láàárọ̀ Sátidé, àwọn mẹ́rẹ̀ẹ̀rin ló sì gbọ́ ọ. Alága gbójú sókè bí ẹni pé ìdáhùn fẹ́ jábọ́ látòkè. Akọ̀wé ṣí ìwé rẹ̀, ó tún pa á dé. Nọ́ọ̀sì tó ń gbé àjà kejì wo aago ọwọ́ rẹ̀ bí ẹni tó ń ka ìlù ọkàn aláìsàn. Onígbàjámọ̀, tó jẹ́ ọ̀rẹ́ Ìyá, tó sì ga bí òpó iná, ń wo bàtà ara rẹ̀.

"Ìyẹn kọ́ la wá ṣe níbí," ni Akọ̀wé wí níkẹyìn. "Ohun tá a wá ṣe ni pé o rú u."

Ilé alájà mẹ́ta ni ilé náà, àtẹ̀gùn onípákó kan ṣoṣo ló sì ní, èyí tó máa ń han bí ọkọ̀ ojú omi àtijọ́ nígbàkúùgbà tí ẹsẹ̀ bá kàn án. Onílé tó kọ́ ọ fẹ́ràn òfin ju bó ṣe fẹ́ràn ayálégbé lọ. Kó tó kú, ó fi ọ̀dà funfun kọ òfin méjìlá sára pákó méjìlá, ó sì fi ìṣó kàn wọ́n mọ́ ògiri ọ̀ọ̀dẹ̀, ọ̀kan lábẹ́ èkejì. Ọ̀kan ní kí wọ́n máa ti géètì. Ọ̀kan ní kí ẹnikẹ́ni má da omi gba ojú fèrèsé. Ìkarùn-ún ní ohun tó bá bàjẹ́ nínú ilé náà kò gbọdọ̀ rí wíwọ̀ oòrùn láìjẹ́ pé wọ́n ti tún un ṣe. Bẹ́ẹ̀ ni wọ́n tò wálẹ̀ títí dé ẹ̀kẹfà. Lẹ́yìn ẹ̀kẹfà, ẹ̀kẹjọ ló kàn. Ohun tó wà láàrin àwọn méjèèjì ni àlàfo gbọọrọ kan, tó mọ́ ju ara ògiri yòókù lọ, pẹ̀lú ihò ìṣó mẹ́rin.

Ó ti tó ogún ọdún tí pákó keje ti sọnù, lọ́dún tí òjò kan rọ̀ tí gbogbo èèyàn ṣì ń sọ̀rọ̀ rẹ̀. Àwọn kan ní ìjì ló gbé e lọ. Àwọn kan ní olè ni, bó tilẹ̀ jẹ́ pé olè tó wọlé tó fi rédíò sílẹ̀ tó wá gbé òfin, a jẹ́ pé ìwà rere ló ń wá gan-an ni.

Ká ní òmíràn ló sọnù nínú wọn, wọn ì bá ti gbàgbé rẹ̀. Àmọ́ òfin kejìlá wà níbẹ̀ gbagidi, ohun tó sì wí ni pé: *Ẹni tó bá rú òfin ilé yìí yóò gbálẹ̀ àgbàlá fún ọ̀sẹ̀ kan. Ẹni tó bá rú ìkeje yóò kó jáde láàárín ọjọ́ méje.* Nítorí náà, gbogbo ará ilé ló mọ̀ pé ìkeje ló burú jù. Ohun tí wọn kò mọ̀ kò ju ohun tó jẹ́ lọ, torí àwọn tó ti kà á rí ti kú tàbí kó lọ.

Ẹni tí kò mọ ibi tí ihò wà, gbogbo ilẹ̀ ni yóò máa rọra tẹ̀. Ọdún kẹrìnlá rèé tí wọ́n fi òfin keje lé aránbàtà kan jáde, torí pé bàtà tó wọ̀ ń ké bí ọmọ ológbò, kò sì sí bàtà tó ń ké nínú òfin mọ́kànlá tó kù. Lọ́jọ́ tí wọ́n dá a lẹ́jọ́, aránbàtà náà ti súfèé lórí àtẹ̀gùn, ó ti ṣí agboòrùn nínú ilé, ó sì ti kí Alága lẹ́ẹ̀mejì. Ta ló mọ èwo nínú wọn ló fà á? Láti ọjọ́ náà, ẹnikẹ́ni kò súfèé mọ́. Ẹnikẹ́ni kò ṣí agboòrùn kó tó bọ́ sí ìta, àní bí òjò bá ń pa á lẹ́nu géètì. Bẹ́ẹ̀ ni ẹnikẹ́ni kò kí Alága lẹ́ẹ̀mejì lóòjọ́. Tó o bá ti kí i "ẹ káàárọ̀", tó o wá pàdé rẹ̀ nírọ̀lẹ́, ńṣe ni wàá kọjú sógiri títí yóò fi kọjá. Àwọn àlejò rò pé ìjà ni wọ́n ń bá bàbá náà jà. Alága fúnra rẹ̀ ti wá ń pẹ́ kó tó jáde láàárọ̀, kí ìkíni lè kù fún un di ọ̀sán.

Ìyá Abẹ́-Àtẹ̀gùn dé ilé náà lọ́dún kan lẹ́yìn òjò yẹn. Yàrá kékeré kan ló ní lẹ́yìn ilé, ṣùgbọ́n abẹ́ àtẹ̀gùn, níbi tó ga díẹ̀, ló gbé máṣíìnì ìránṣọ rẹ̀ sí, gúlóòbù kan sì rọ̀ lókè orí rẹ̀. Obìnrin kúkúrú ni. Tí gúlóòbù náà bá kú, Onígbàjámọ̀ ló máa ń wá fọwọ́ wá a nínú òkùnkùn, tí yóò bá a pààrọ̀ rẹ̀, tí yóò sì padà lọ gé irun tó ń gé. Bí iná bá ti tàn, Ìyá á tún sorí kọ́. Ẹni tó ń ránṣọ kì í wòkè. Ojú abẹ́rẹ́ ni ayé rẹ̀. Ọdún mọ́kàndínlógún ló ti wà níbẹ̀, gbogbo àdúgbò ló mọ̀ pé tí ṣòkòtò bá ya, abẹ́ àtẹ̀gùn ni. Tí wọ́n bá lé e kúrò níbẹ̀, kì í ṣe ilé nìkan ló pàdánù, orúkọ rẹ̀ náà lọ. Ta ni yóò máa pe obìnrin tí kò sí lábẹ́ àtẹ̀gùn kankan ní Ìyá Abẹ́-Àtẹ̀gùn?

Ohun tó sì dá gbogbo rẹ̀ sílẹ̀ ni àga rọ́bà kan, aláwọ̀ ewé. Oníbàárà kan tó lóyún ló dúró títí, tí òòyì sì kọ́ ọ. Lọ́jọ́ kejì, Ìyá lọ ra àga náà, ó gbé e sí ẹ̀gbẹ́ ìsàlẹ̀ àtẹ̀gùn. Ọ̀sẹ̀ mẹ́ta ni àga náà fi wà níbẹ̀ kí Alága tó wí ohunkóhun, ṣùgbọ́n ojú tó fi ń wò ó ti ń le láti ọjọ́ kìn-ín-ní. Káfíńtà ni Alága láyé ìgbà agbára rẹ̀. Kò sí ìjókòó kankan nínú ilé náà tí kì í ṣe òun ló kàn án. Pé èèyàn gba ẹnu ọ̀nà rẹ̀ kọjá tó sì lọ ra rọ́bà níta, ọ̀rọ̀ yẹn kò ṣeé wí jáde, òfin ló lè gbà á sọ.

"Mo ti ka mọ́kànlá tó wà lára ògiri," ni Ìyá Abẹ́-Àtẹ̀gùn wí níwájú ìgbìmọ̀. "Mo kà á látòkè, mo kà á látìsàlẹ̀. Kò sí àga níbẹ̀."

"Ibi tí mò ń bọ̀ gan-an nìyẹn," ni Akọ̀wé dáhùn. Olùkọ́ ni ó tó fẹ̀yìn tì, ó sì máa ń sọ̀rọ̀ bí ẹni pé ẹfun ìkọ̀wé ṣì wà lọ́wọ́ rẹ̀. "Ṣé ohun tó o ṣe dára?"

"Ṣé kò dára ni?"

"Alága ní kò dára."

"Kò dára," ni Alága wí.

"Kò dára, kò sì sí nínú mọ́kànlá. Nínú méjìlá, tá a bá yọ mọ́kànlá, kí ló kù?"

Kò sí ẹni tí kò lè ṣe ìṣirò yẹn. Nọ́ọ̀sì tiẹ̀ fi ìka rẹ̀ ṣe é.

Onígbàjámọ̀ gbé orí sókè. "Ẹ forí jì mí, sà. Tí a ò bá mọ ohun tí òfin yẹn sọ, báwo la ṣe mọ̀ pé Màmá rú u?"

"Ṣé o mọ orúkọ gbogbo àìsàn tó wà láyé?"

"Rárá, sà."

"Ṣé ìyẹn wá ní kó o má ṣàìsàn?"

Nọ́ọ̀sì mi orí. "Òótọ́ ni. Ojoojúmọ́ là ń rí irú wọn."

"Aláìsàn tiyín, oògùn lẹ̀ ń fún un," ni Ìyá wí. "Èmi lẹ fẹ́ lé sóde."

"Ìyẹn náà, Màmá, ojoojúmọ́ là ń rí i."

"Ó dáa. Mo ti gbé àga náà kúrò níbẹ̀ láti àná. Ó wà ní àgbàlá, ó ń gbòòrùn. Ṣé ọ̀rọ̀ ò parí ni?"

Akọ̀wé rò ó. Inú rẹ̀ máa ń dùn nígbà tó bá ń ronú, ó sì máa ń hàn lójú rẹ̀. "O gbé e kúrò, ó dáa. Àmọ́ tó bá jẹ́ pé gbígbé e kúrò gan-an ni òfin keje lòdì sí ńkọ́?"

"Ṣé kí n gbé e padà ni?"

"Mi ò ní gbà ọ́ nímọ̀ràn ìyẹn."

"Kí n wá gbé e kọ́rùn?"

"Má fọ̀rọ̀ òfin ṣàwàdà, jọ̀ọ́."

"Ẹ kúkú kọ ìkeje tuntun," ni Ìyá wí. "Ẹ kọ 'àga kò gbọdọ̀ wọlé' síbẹ̀, kí n mọ̀ pé ohun tí mo ṣe ni mò ń kú lé lórí."

Akọ̀wé fi gègé tọ́ka sí pákó kẹsàn-án: *Ẹnikẹ́ni kò gbọdọ̀ kọ òfin mìíràn kún èyí tí mo kọ.* Gbogbo wọn wò ó tọ̀wọ̀tọ̀wọ̀. Olóògbé náà ti ro gbogbo rẹ̀ sílẹ̀.

Wọ́n dìbò. Ọwọ́ Alága kọ́kọ́ lọ sókè, ti Akọ̀wé tẹ̀ lé e, Nọ́ọ̀sì sì na tirẹ̀ torí pé ó fẹ́ lọ sùn, ó ti ibi iṣẹ́ òru dé. Ọwọ́ Onígbàjámọ̀ gòkè dé etí, ó sì yí padà di ọwọ́ tó ń họ etí. Akọ̀wé kọ ọ́ sílẹ̀ pé ìbò mẹ́ta àti ààbọ̀. Wọ́n fún Ìyá Abẹ́-Àtẹ̀gùn ní ọjọ́ méje.

Ní ọjọ́ kìn-ín-ní, ó jókòó ti máṣíìnì rẹ̀, kò rán nǹkan kan. Ó ń wo àlàfo orí ògiri. Òfin tó wà níbẹ̀ lè jẹ́ ohunkóhun lábẹ́ ọ̀run, kò sí bí èèyàn ṣe lè ronú rẹ̀ tán. Àmọ́ nígbà tó di ọ̀sán, ọ̀rọ̀ kan tó jẹ́ ti aránṣọ wá sí i lọ́kàn: òfin kò ní ìwọ̀n, ṣùgbọ́n pákó tí wọ́n kọ ọ́ sí ní ìwọ̀n. Ó dìde, ó yọ téèpù lọ́rùn, ó sì wọn àlàfo náà bí ẹni ń wọn àyà ọkọ ìyàwó. Ínǹṣì mẹ́rìnlélógójì ní gígùn. Ínǹṣì mẹ́sàn-án ní fífẹ̀. Kò kọ ọ́ sílẹ̀. Ìwọ̀n kì í jáde lórí rẹ̀ tó bá ti wọlé. Ó ṣì mọ ìwọ̀n ìdí oníbàárà tó ti kú lọ́dún mẹ́wàá sẹ́yìn.

Láti ìgbà náà ló ti ń wọn ilé. Ní yàrá Nọ́ọ̀sì, ó wọn pákó ibùsùn nígbà tí Nọ́ọ̀sì ń sùn lórí rẹ̀. Mẹ́rìnléláàádọ́rin. Ní ṣọ́ọ̀bù Onígbàjámọ̀, ó wọn pẹpẹ tó wà lábẹ́ dígí. Ọgbọ̀n. Ó wọn ilẹ̀kùn balùwẹ̀, ó wọn ìdérí kànga, ó wọn pátákó tí wọ́n ń lọ aṣọ lé. Nígbà tó dé ọ̀dọ̀ Akọ̀wé, ó ti na téèpù dé ìdajì àpótí ìwé rẹ̀ kí onítọ̀hún tó yíjú padà.

"Kí lo ń wọ̀n níbẹ̀ yẹn?"

"Mo ní kí n rán kọ́tìnnì fún yín kí n tó lọ. Kẹ́ ẹ máa fi rántí mi."

"Kọ́tìnnì fún àpótí ìwé?"

"Àwọn ìwé náà nílò ìbòjú, sà. Gbogbo ẹni tó bá wọlé ló ń wò wọ́n."

Akọ̀wé wo àwọn ìwé rẹ̀. Ó dà bí ẹni pé kò ronú kàn án rí pé ojú lè máa tì wọ́n. "Aláwọ̀ búlúù," ló wí. Nítorí náà, lórí gbogbo wàhálà tó wà lọ́rùn rẹ̀, Ìyá tún ní kọ́tìnnì búlúù kan láti rán.

Ní ọjọ́ kẹrin, ó lọ sí yàrá Alága. Kò tíì kí i lọ́jọ́ náà, nítorí náà ó kí i dáadáa, ó kúnlẹ̀, Alága sì gba ìkíni náà bí ẹni gba omi nínú ọ̀gbẹlẹ̀. Tábìlì iṣẹ́ rẹ̀ àtijọ́ wà lẹ́bàá fèrèsé. Bí Ìyá ṣe ń fọwọ́ pa á lára, tó ń fi téèpù yọ́ kẹ́lẹ́kẹ́lẹ́ tẹ̀ lé ọwọ́, inú bàbá náà dùn pé ẹnì kan ṣì ń wo igi, ló bá bẹ̀rẹ̀ ìtàn tí gbogbo ilé ti há sórí.

"Ṣé o mọ pákó kẹtàlá lórí àtẹ̀gùn yìí?"

"Mo mọ̀ ọ́n, Baba. Èyí tí kì í han."

"Kì í han. Gbogbo wọn ló ń han, kì í han. Ta ló ṣe é?"

"Ẹ̀yin ni."

"Èmi ni. Ọjọ́ kejì tí mo kó dé ilé yìí, òjò ń rọ̀ bí ẹni pé wọ́n ní kó rọ tán lọ́jọ́ náà. Pákó kẹtàlá ṣẹ́. Oòrùn fẹ́ wọ̀, àwọn àgbà ilé sì ń pariwo, òfin karùn-ún, òfin karùn-ún. Àwọn onípákó ti tìlẹ̀kùn. Mo wá igi, mi ò rí. Mo wá igi, mi ò rí. Nígbà tó yá, mo rí igi kan." Ibẹ̀ ni ikọ́ ti mú un. Ibẹ̀ náà ni ikọ́ máa ń mú un, láti ọjọ́ pípẹ́ wá. Tó bá ti dé "mo rí igi kan", á wúkọ́, á fọwọ́ nu ẹnu, á sì fo ibẹ̀ kọjá. "Kí oòrùn tó wọ̀, mo ti kàn án. Kì í han títí dòní. Iṣẹ́ ọwọ́ mi nìyẹn."

"Ẹ kú iṣẹ́, Baba," ni Ìyá ì bá wí, àmọ́ ó rántí pé ìkíni kejì nìyẹn máa jẹ́, ló bá kọjú sógiri. Tábìlì náà jẹ́ ínǹṣì ọgọ́ta.

Ní ọjọ́ kẹfà, Onígbàjámọ̀ sọ̀ kalẹ̀ wá bá a, ó bẹ̀rẹ̀ mọ́lẹ̀, kó má fi orí gbá pákó.

"Màmá, mo ti rò ó. Mo máa ní èmi ni mo ni àga yẹn."

"Wọ́n á lé àwa méjèèjì."

"Wọn ò ní lé mi. Ta ló máa gé irun Alága?"

"Irun wo ni Alága ní?"

Onígbàjámọ̀ rẹ́rìn-ín, ẹ̀rín náà kò sì pẹ́. "Kí lẹ wá ń wọ̀n kiri láti ọjọ́ yìí? Nọ́ọ̀sì ní òun jí, òun bá téèpù lẹ́sẹ̀ òun, ó rò pé òun ti kú."

"Pákó keje ni mò ń wá. Igi kì í fò. Tí ìjì bá gbé e, yóò sọ ọ́ kalẹ̀ síbì kan. Tí èèyàn bá gbé e, yóò fi ṣe nǹkan. Ta ló máa rí pákó tó dáa bẹ́ẹ̀ tí kò ní fi ṣe nǹkan?"

"Ṣé ẹ ti rí i?"

"Gbogbo ilé yìí ni mo ti wọ̀n tán." Ó wo máṣíìnì rẹ̀. "Kọ́tìnnì Akọ̀wé ló kù tí mi ò tíì ká etí rẹ̀."

Lọ́jọ́ keje, gbogbo wọn péjọ sí ọ̀ọ̀dẹ̀ lẹ́yìn ìdájí. Òfin kọkànlá ni wọ́n fẹ́ tẹ̀ lé báyìí, ìyẹn náà sì wà lára ògiri kedere: *Ẹni tó ń kó jáde, ọwọ́ ara rẹ̀ ni yóò fi kó ẹrù rẹ̀. Kò gbọdọ̀ fi ohun kan tó jẹ́ tirẹ̀ sílẹ̀, bó ti wù kó kéré mọ.* Ìyá ti kí gbogbo wọn tán láàárọ̀, Alága ló kọ́kọ́ kí. Ó ti gbé ibùsùn rẹ̀ jáde. Ó ti wọ́ máṣíìnì náà dé ẹnu géètì, ìlà rẹ̀ méjì sì wà nílẹ̀ẹ́lẹ̀ láti abẹ́ àtẹ̀gùn lọ. Akọ̀wé dúró pẹ̀lú ìwé rẹ̀, ó ń fi gègé sàmì sí wọn lọ́kọ̀ọ̀kan. Alága wà lókè lórí àtẹ̀gùn, níbi tó ti lè rí gbogbo rẹ̀. Pákó kẹtàlá ló dúró lé, torí pé òun nìkan ló fọkàn tán.

"Abẹ́rẹ́ wẹ́wẹ́," ni Akọ̀wé wí.

"Mo ti ṣà wọ́n."

"Ọ̀kan rèé níbí."

Ìyá bẹ̀rẹ̀, ó ṣà á.

"Òwú pupa kan wà lára ògiri."

Ó yọ ọ́, ó ká a mọ́ ìka.

"Gúlóòbù."

"Gúlóòbù?"

"Ṣé èmi ni mo rà á ni?"

Lóòótọ́, Ìyá Abẹ́-Àtẹ̀gùn ló rà á. Onígbàjámọ̀ ti na ọwọ́ gbọọrọ rẹ̀ síwájú bó ṣe máa ń ṣe, àmọ́ Akọ̀wé fi gègé dè é lọ́nà, ó tọ́ka sí ògiri. *Ọwọ́ ara rẹ̀.* Onígbàjámọ̀ ká ọwọ́ padà.

"Ẹ yá mi ní àpótí ìjókòó kan, kí n gùn ún," ni Ìyá wí.

"Yíyá nǹkan jẹ́ ìrànlọ́wọ́," ni Akọ̀wé dá a lóhùn. Kò fi ìkà sọ ọ́. Ó tiẹ̀ dun òun náà díẹ̀, torí kọ́tìnnì búlúù náà bá àpótí ìwé mu gan-an.

Ohun ìjókòó kan ṣoṣo ló wà láyé tó jẹ́ ti Ìyá. Ó jáde lọ sí àgbàlá, ó gbé àga rọ́bà aláwọ̀ ewé náà wọlé. Lókè, Alága ṣe ojú rẹ̀ bí ẹni tó jẹ èso tí kò pọ́n. Ìyá gbé àga náà kalẹ̀ sí ojú ibi tí máṣíìnì wà tẹ́lẹ̀, ó fi àkísà wé ọwọ́ nítorí ooru gúlóòbù, ó sì gun orí rẹ̀. Àga náà mì díẹ̀, ó dúró.

"Ẹ kọ́kọ́ pa iná náà," ni Nọ́ọ̀sì wí.

Ó gbọ́ ọ, ṣùgbọ́n ó ti gbójú sókè. Ìmọ́lẹ̀ gún un lójú, ó dì í, ó sì rọra là á. Ìsàlẹ̀ àwọn pákó àtẹ̀gùn ló wà lókè orí rẹ̀ yìí, tí wọ́n tò lọ sókè bí eyín. Gbogbo wọn dúdú, àfi ọ̀kan. Lára èyí tó wà lókè gúlóòbù gan-an, tí gúlóòbù náà ti ń tanná sí lójúmọ́ fún ọdún mọ́kàndínlógún, ọ̀dà funfun wà níbẹ̀ láti ìpẹ̀kun dé ìpẹ̀kun, lẹ́tà rẹ̀ tóbi tó ẹ̀ṣẹ́ ọmọdé.

Kò kọ́kọ́ kà á. Ó bọ́ téèpù lọ́rùn, ó sì nà án.

"Gúlóòbù la ní kó o yọ," ni Akọ̀wé wí. "A ò ní kó o ránṣọ fún àtẹ̀gùn."

Mẹ́rìnlélógójì. Ó yí téèpù padà. Mẹ́sàn-án.

Ìyá ká téèpù rẹ̀ padà sọ́rùn. Ó yọjú láti abẹ́ àtẹ̀gùn, lórí àga rọ́bà níbẹ̀, ó wo ẹsẹ̀ Alága, ó sì wo ojú rẹ̀.

"Ẹ kú ìdúró, Baba."

Ìkíni kejì nìyẹn. Nọ́ọ̀sì yára kọjú sógiri. Gègé bọ́ lọ́wọ́ Akọ̀wé. Onígbàjámọ̀ nìkan ló ń wò ó, ẹnu rẹ̀ là sílẹ̀ díẹ̀.

"Lọ́jọ́ tí òjò ń rọ̀ yẹn, Baba, tẹ́ ẹ wá igi tẹ́ ò rí. Nígbà tẹ́ ẹ wá rí igi kan. Igi wo ni?"

Alága wúkọ́. Ó fọwọ́ nu ẹnu. Ó gbé ẹsẹ̀ ọ̀tún kúrò lórí pákó kẹtàlá, ó gbé e lé ìkejìlá, ìkejìlá sì han gooro ní gbogbo ilé. Ó dá ẹsẹ̀ náà padà kíá. Ìkẹtàlá kò dún.

Ìyá Abẹ́-Àtẹ̀gùn yíjú padà sókè, ó sún gúlóòbù sẹ́gbẹ̀ẹ́ kan kó lè rí i dáadáa, ó sì kà á fún wọn pẹ̀lú ohùn tó máa ń fi ka ìwọ̀n fún oníbàárà, láìyára, láìfo ọ̀rọ̀ kan:

*Òfin keje: Ẹnikẹ́ni kò gbọdọ̀ yọ ọ̀kankan nínú àwọn pákó yìí kúrò lára ògiri, ìbáà ṣe fún iṣẹ́ rere.*